Arìnrìn-àjò Tí Kò Dá Ọjọ́ Àbọ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2094, tí í ṣe ọjọ́ tí Aṣàyàn, ẹ̀rọ tó ń yan ẹgbẹ́, ń ti ilẹ̀kùn ìdíje orílẹ̀-èdè, ooru lé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ padà sílé kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó ń pín omi kò wá sí Òkè-Àpáta, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Àpáta sì dé gbọ̀ngàn wọn láàárọ̀, wọ́n bá nọ́ńbà tuntun tí Aṣàyàn fún wọn lára ògiri: méjìdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ lánàá.

Kóòṣì Lánípẹ̀kun dúró síwájú ògiri náà, ó ń wò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń wo òjò tó ṣú tí kò rọ̀. Kò bínú. Ìbínú ń fẹ́ agbára, agbára náà ti tán lára rẹ̀ láti ọdún ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ó ń fi ọ̀sán kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, tí ó ń fi ìrọ̀lẹ́ tò sórí ìlà omi nítorí tiwọn.

"Kóòṣì, ẹ kú ìdúró." Ẹwàtómi ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni balógun ẹgbẹ́, ó wà ní ọdún tó máa fi parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Bó bá jẹ́ wíwò ló ń mú un gòkè ni, à bá ti wọlé tipẹ́."

"Ẹ káàárọ̀ ló yẹ kí o kọ́kọ́ wí."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Méjìdínláàádọ́ta, sà."

"Mo mọ ìwé é kà."

Òkè-Àpáta kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà lápá etí òkun ní gbọ̀ngàn tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde láti abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ pàdánù, Aṣàyàn á ní alágbára ló borí wọn, á sì mú wọn. Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí àánú rẹ̀ ń ṣeni. Ọmọ àárín ni, tí kò jogún bí àkọ́bí, tí wọn kò sì kẹ́ bí àbíkẹ́yìn. Bí ọmọ àárín bá fẹ́ kí wọ́n rí òun, àfi kó ṣe ju gbogbo wọn lọ. Ẹgbẹ́ yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Láti Bélú títí di Èrèlé, ẹnikẹ́ni kò borí wọn.

Lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, láàárín ìlà tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àmì pupa wà káàkiri. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló kùn ún síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá wọn ilé. Ẹgbẹ́ tí Aṣàyàn bá fò ní ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, wọ́n á tú u ká, wọ́n á sì gba gbọ̀ngàn rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ibòji bí ènìyàn. Ọdún méjì ti lọ. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọbìnrin náà ń fẹsẹ̀ tẹ àmì pupa yìí nígbà tí wọ́n bá ń sáré, Ẹwàtómi sì máa ń fi gìgísẹ̀ ha á bí ẹni pé ó máa ṣí.

Màdáàmù Òjẹ́wùmí, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọlé láì jókòó. Ó wo Ẹ̀rí tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ohun kékeré kan ni, ó dà bí ìkarahun ìgbín, irú rẹ̀ wà ní gbogbo ilé àti gbogbo ojú ọ̀nà, ohun tó bá sì gbọ́, Aṣàyàn àti ìjọba ti gbọ́ ọ nìyẹn. Màdáàmù fi orí pe Kóòṣì. Wọ́n wọ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, níbi tí Ẹ̀rí kò sí, nítorí ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́ níbẹ̀.

"Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Aṣàyàn máa bi yín ní ìbéèrè," Màdáàmù wí. "Lórí Ìbíyẹmí ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀, mà."

"Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, Kóòṣì. Ẹ kàn sọ pé ó ti…" Màdáàmù wo àwọn bọ́ọ̀lù tó ti rọ̀ nílẹ̀. "Ẹ mọ ohun tí mò ń wí."

"Ẹ̀yin náà ò lè sọ ọ́, mà. Ìgbín ò sì sí níbí."

"Èmi kọ́ ni òfin ní kó sọ ọ́! Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní òkú mọ́. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n gé owó àwọn afẹ̀yìntì, tí arúgbó ń fi ọ̀pá rìn wá sí ọ́fíìsì wá bẹ ẹ̀rọ pé òun ṣì ń mí. Ìgbà náà ni wọ́n ní ẹnu ènìyàn ló gbọdọ̀ sọ ọ́, ẹnu ẹni tí ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà. Ẹnu yín ni wọ́n ń dúró dè."

"Wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, mo sì dáhùn."

"Ẹ dáhùn pé kí ni? Pé ó rìnrìn àjò!"

"Bí àgbà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dúró tì mí. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ṣé kí n ya ẹnu sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye iṣu ni?"

Màdáàmù mí kanlẹ̀. "Èmi náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò tọ́ Ẹ̀rí dàgbà lọ́dọ̀ àgbà kankan. Ó gbọ́ ìrìnàjò, ó sì kọ ìrìnàjò. Àtìgbà náà ni Aṣàyàn ti ń retí ọmọ náà, ojoojúmọ́ tí kò bá sì dé ló ń gé nọ́ńbà wa."

Lánípẹ̀kun gbé bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà, kò sí èyí tó gbàgbé níbẹ̀. Wọ́n ti borí, wọ́n ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ náà sì kú sí pápá gbalasa, níbi tí igi kan ò sí. Ìbíyẹmí, tó ga jù nínú wọn, tó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n ju gbogbo wọn lọ, fi omi tirẹ̀ fún ẹni tó ń bì. Ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ó fi orí ti fèrèsé, ó sùn. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn dé, gbogbo wọn dìde, òun kò dìde. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré kan ni Ẹ̀rí ti bi Lánípẹ̀kun, tí òfin pè ní alágbàtọ́ ọmọ náà, pé níbo ni Ìbíyẹmí wà.

"Bí ẹ bá sọ ọ́," Màdáàmù wí, "a wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣọ̀fọ̀, ohun tó ṣe nígbà tó pé ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo eré tí a pàdánù láti ìgbà náà, wọ́n á pa á rẹ́. Mo ti ṣírò rẹ̀, nọ́ńbà wa á lé ní àádọ́rùn-ún."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, mà?"

Gbogbo wọn ló mọ ọ̀rọ̀ ìyá náà. Iṣẹ́ abẹ ọkàn ń dúró dè é lọ́la, wọn kò sì tíì sọ fún un. Ìrọ̀rí ẹ̀rọ tó gbé orí lé ní ilé ìwòsàn ló ń bá ọkàn rẹ̀ lù, wọn kò lè yọ ọ́, ìrọ̀rí yìí kan náà ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Òfin ìbátan sọ pé bí ìròyìn ikú bá ti kúrò lẹ́nu alágbàtọ́, ó gbọ́dọ̀ dé etí ìyá kí ẹni tó sọ ọ́ tó pa ẹnu dé.

"Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ìbéèrè náà sí ọ̀tunla," Màdáàmù wí níkẹyìn. "Ohùn kan ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, Kóòṣì. Ta ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún?"

Kóòṣì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti bá Bàbá Àkànmú, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbíyẹmí, tó jókòó sórí àpótí, tó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Òun ló sin ọmọ náà, òun àti ọkùnrin mẹ́ta nínú mọ̀lẹ́bí.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín fẹ́ bi yín léèrè lónìí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ bá wa sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́sí, ẹ ò sọ ọ́ bí ọmọdé. Dókítà ní bí a bá lè mú àbúrò mi dé ọ̀la, ó kù sí ọwọ́ Ọlọ́run àti ọ̀bẹ. Ẹ má sọ ohun tó máa gba ọ̀la lọ́wọ́ rẹ̀." Ó fi fìlà dé orí. "Mi ò ní kí ẹ parọ́ o."

Ìyá Ìbíyẹmí ti gbẹ lórí ibùsùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le. Bó ti rí Kóòṣì ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wò mí, ẹ ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Ọsàn ò tiẹ̀ sí?"

"Ọsàn ti wọ́n bí wúrà, Ìyá Ìbíyẹmí. Ẹ kú ara líle."

"Ara ò le, ẹnu ló le. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nínú ìrìnàjò, mà."

"Ìrìnàjò yìí mà pọ̀ o! Ṣé ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń fi ọwọ́ tì ni? Tó bá dé, n ó na án, bó ti ga tó yẹn, n ó gun àpótí na án." Ó sinmi kó tó tún sọ̀rọ̀. Ìrọ̀rí abẹ́ orí rẹ̀ ń dún lẹ́lẹ́, kì, kì, kì. "Ẹ bá mi sọ fún un kó máa jẹun. Ó ní ìwà kan, á ní òun ti yó, kí ẹlòmíràn lè jẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì ti kábàámọ̀ rẹ̀."

"N ó sọ fún un," ni Lánípẹ̀kun wí. Ó rí i pé irọ́ àkọ́kọ́ tó pa lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Títí di ìgbà náà, kò tíì parọ́.

Nígbà tó padà dé gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri níbi tó tutù díẹ̀. Ẹwàtómi dìde.

"Kóòṣì, a ti rò ó. Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ dá ọjọ́ àbọ̀, àbí? Tinúadé, ṣe é fún wọn."

Tinúadé, ọmọ kúkúrú tó máa ń sín gbogbo ènìyàn jẹ, wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó ga díẹ̀, tó ń fa ìparí ọ̀rọ̀: "Kóòṣìììì, mo ti ń bọ̀ o. Ẹ fi ẹran tèmi pamọ́."

Ohùn Ìbíyẹmí gan-an ni. Tinúadé fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé," Lánípẹ̀kun wí.

"Sà, mi ò ní…"

"O gbọ́ mi."

"Ẹ yìn wá nígbà tí a ń borí," Ẹwàtómi wí. "Ní báyìí, ẹ ò fẹ́ irọ́, ẹ ò sì fẹ́ òótọ́. Kí lẹ wá fẹ́, sà? Ọdún yìí ni mo ń parí. Àwọn tó ń mú ènìyàn lọ gbá bọ́ọ̀lù fún owó, ibi ìdíje nìkan ni ojú wọn ń mọ. Tí a ò bá dé ibẹ̀, a ò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan rí."

"Mo mọ̀."

"Ìbíyẹmí ló gbé wa dé ibí. Ṣé bó ṣe máa ṣòfò nìyẹn?"

Kí ó tó rí èsì wá, iná Ẹ̀rí tàn lókè ilẹ̀kùn. Ohùn Aṣàyàn ni, ohùn obìnrin, ó dùn, àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn láyé àtijọ́. Ènìyàn kò lè gbọ́ ọ kó mọ ìlú tó ti wá.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Kóòṣì Lánípẹ̀kun. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìdúró, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"A dúpẹ́," ló wí. Màdáàmù Òjẹ́wùmí ti wọlé, ó dúró sí igun.

"Ìbíyẹmí, ọmọ ẹgbẹ́ yín, rìnrìn àjò. Kò dá ọjọ́ àbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni ẹ retí rẹ̀?"

Lánípẹ̀kun nu ojú rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà kò lè ṣe kí wọ́n má fi ọ̀kan sílẹ̀ fún irú ọjọ́ yìí.

"Ó dojú àlá," ó wí.

Iná Ẹ̀rí ṣẹ́jú. "Ẹ ṣeun. Mo wá Ojú Àlá nínú àwòrán ilẹ̀, n ò rí i. Mo rí odò Àlá ní Àkúrẹ́. Ṣé ibẹ̀ ni?"

Ẹnì kan láàárín àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀."

"Ìpínlẹ̀ wo ló wà?"

"Kò sí ní ìpínlẹ̀ kankan."

"Ó wà lókè òkun nìyẹn. Ṣé ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀?"

"Ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ṣé ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀?"

Lánípẹ̀kun gbọ́ tí Màdáàmù fa èémí. Ẹ̀rọ náà ti rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti wọlé, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó kàn lè dúró kí ènìyàn ṣí i.

"Kóòṣì Lánípẹ̀kun," ohùn dídùn náà wí, "ṣé ẹ ní gbólóhùn mìíràn tí ẹ fẹ́ sọ nípa Ìbíyẹmí? Mo lè dúró díẹ̀."

Gbólóhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gùn. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ń wò ó, ó sì mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ti jìyà kó tó dé ibẹ̀: èyí tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé nítorí pé wọn ò ní ọkọ̀, èyí tó ti ta bàtà rẹ̀ rí tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí bàbá rẹ̀ ní kó má padà wálé bí kò bá ní iṣẹ́. Ó ya ẹnu. Lójú rẹ̀ ó rí ìrọ̀rí tó ń dún lẹ́lẹ́ lábẹ́ orí obìnrin tó fẹ́ gun àpótí na ọmọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Kóòṣì, ẹ sọ ọ́," Ẹwàtómi wí.

Lánípẹ̀kun yíjú sí ògiri.

"Ẹ sọ ọ́!" Ó yíjú sí Ẹ̀rí, ó kígbe. "Ó ti kú! Ìbíyẹmí ti kú! Ṣé o gbọ́? Inú ọkọ̀ ló kú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!"

Bọ́ọ̀lù kan yí nílẹ̀, ó dúró.

"Ohùn yìí kì í ṣe ti alágbàtọ́," Aṣàyàn wí, bó ti máa ń wí. "N kò gbà á sílẹ̀. Ẹ má bínú."

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ sókè láàárín wọn. Ìrìnàjò ni gbogbo wọn ń wí, wọ́n ń sọ ọ́ nígbà oúnjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ nígbà eré, àwọn kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa retí rẹ̀. Tinúadé ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó lè pa ẹlòmíràn lẹ́kún mọ́. Màdáàmù Òjẹ́wùmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dáadáa rẹ̀, ó gbá èyí tó sún mọ́ ọn mọ́ra.

Aṣàyàn dúró dè wọ́n. Kò já ọ̀rọ̀ gbà, kò sì kánjú. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó ní, "Kóòṣì Lánípẹ̀kun, ṣé ẹ ní gbólóhùn mìíràn?"

"N ò ní."

"Ẹ ṣeun. Arìnrìn-àjò tí kò dá ọjọ́ àbọ̀, a yọ ipa rẹ̀ kúrò nínú gbogbo eré tó bá ẹgbẹ́ náà gbá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ." Iná náà kú. Lára ògiri, méjìdínláàádọ́ta di mẹ́rin, mẹ́rin náà sì pòórá, ògiri wá funfun báláú.

Ẹwàtómi ló kẹ́yìn nínú àwọn tó jáde. Ó dúró níwájú Kóòṣì, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹnì kan, sà. Ìyá kan ṣoṣo. Àwa mẹ́sàn-án."

"Bínú sí mi. Kò burú."

"Ó ti rẹ̀ mí jù, sà. Ó di ọ̀la." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán tó sì kú ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé a gbìyànjú."

"Ẹ̀yin lẹ gbìyànjú, sà. Wọ́n kàn gbá àwa dànù ni." Ó jáde.

Ìyá Ìbíyẹmí la iṣẹ́ abẹ náà já. Nígbà tó lè jókòó, Bàbá Àkànmú àti àwọn àgbà ilé jókòó yí i ká, wọ́n sì sọ fún un bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lánípẹ̀kun dúró síwájú Ẹ̀rí kan lójú ọ̀nà, ó sì sọ gbólóhùn náà. Ẹ̀rí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn ìdíje ti tì.

Ní oṣù Igbe, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, mẹ́fà padà sílé, Ẹwàtómi wà nínú wọn. Wọ́n gba gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì já agbọ̀n méjèèjì sílẹ̀. Kò sí básíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ní Òkè-Àpáta.